Ìjàpá Wà ní Filipínì Náà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìwé Alàwòrán Fún Àwọn Ọmọ Kékeré

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lọ́wọ́ iwájú, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan. Ààlọ́ o!

Ẹ ṣeun tí ẹ dáhùn. Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá àti Ọ̀bọ. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ létí odò, ni wọ́n bá rí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí omi ń gbé bọ̀, tòun ti ewé tòun ti gbòǹgbò. Wọ́n fà á gòkè, wọ́n ní àwọn yóò pín in. Ọ̀bọ wo apá òkè tí ewé wà, ó rí i pé ó tutù yọ̀yọ̀, ó ní tòun nìyẹn. Ìjàpá gba ìdí rẹ̀. Kálukú lọ gbin tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ kan ilẹ̀ oko rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ti Ọ̀bọ rọ, ó gbẹ, ti Ìjàpá hù, ó ga, ó so. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ò lè gun igi. Ó bẹ Ọ̀bọ kó bá òun gùn ún. Ọ̀bọ gòkè, ó fìdí kalẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ju ẹyọ kan sílẹ̀ fún olóko. Inú bí Ìjàpá. Ó lọ ṣa ìgbín tí ìkarahun wọn mú bérébéré, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí ìdí igi ká, ó sì sá pamọ́ sábẹ́ èèpo àgbọn. Nígbà tí Ọ̀bọ bẹ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ó wá Ìjàpá títí ó fi rí i mú. Ó ní, "Yan ọ̀kan. Ṣé kí n gún ọ nínú odó ni, àbí kí n jù ọ́ sínú odò?" Ìjàpá ní, "Ẹ gún mi nínú odó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà má jù mí sódò o, omi á gbé mi lọ!" Ọ̀bọ sọ ọ́ sódò gbìì. Ìjàpá rì, ó léfòó, ó bú sẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá ní ẹnu ìyá àgbà yín ni ẹ ti gbọ́ ọ, n kò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n Filipínì ni mo ti gbé e wá. Pagong ni wọ́n ń pe Ìjàpá lọ́hùn-ún, matsing ni Ọ̀bọ. José Rizal ló kọ ọ́ sílẹ̀ tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀. Dókítà ojú ni, òǹkọ̀wé ni, òun náà sì ni àwọn Sípéènì tó ń jọba lé wọn lórí nígbà náà yìnbọn pa ní Manila ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1896, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 35. Paris ló wà nígbà tó ya ìtàn yìí sínú ìwé Paz Pardo de Tavera, ìyàwó ayàwòrán Juan Luna. Ní oṣù Keje ọdún 1889, ìwé ìròyìn kan ní London, Trübner's Record, tẹ ìtàn Ìjàpá àti Ọ̀bọ yẹn jáde bí Rizal ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta nínú oṣù Keje ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ìwé Ọmọdé ní Filipínì lọ́dọọdún.

Odó àti odò yẹn, èdè tiwa ló fi ta mí lọ́rẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú èdè wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì mi, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ́ sí mi lẹ́nu tẹ̀léra, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé mo ti rí ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní London. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà nítòsí wa, nọ́ọ̀sì Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì Filipínì náà pọ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí jọ ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n jọ ń sáré wá mú ọmọ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ jọ ń ṣeré lórí ẹní kan náà. Síbẹ̀, mo rí ọmọ Yorùbá kan tó bá ọmọ Filipínì jókòó fún odidi ọdún kan, tó jẹ́ pé "ará Ṣáínà" ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí àwa náà mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n máa fi ohun tí a kì í ṣe pè wá.

Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àṣà àgbáyé. A ó so àsíá mọ́ ògiri, a ó dé fìlà koríko fún ọmọ, a ó pín oúnjẹ kékeré kan, ó parí. Ní ọdún kan, ìyá kan tó jẹ́ ará Filipínì wo gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń múra báyẹn nílé àwọn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ nígbà náà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Bí a ṣe ń kí ìyá mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ìwé alàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ìwé ọdún àti ijó pọ̀, wọ́n sì lẹ́wà, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì ní ohun tí yóò fi gbá ọdún ẹlòmíràn mú. Ohun tó mọ̀ ni ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, oúnjẹ, oorun, bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ti lè pàdé ọmọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìkíni. Bí ọmọ Filipínì bá wọlé bá àgbà, yóò gba ọwọ́ àgbà náà, yóò tẹrí ba, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. "Mano po" ni yóò wí, àgbà á sì súre fún un. Mano jẹ́ ọ̀rọ̀ Sípéènì, ọwọ́ ló túmọ̀ sí. Tiwọn ni po. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn dáadáa. Kò sí ohun tí ẹ lè nàka sí pé po nìyí. Ọ̀wọ̀ lásán ni. Wọ́n ń fi í sínú gbólóhùn fún àgbà, fún àlejò, fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "o ti jẹun?" àti "ẹ ti jẹun?" ti mọ po kí a tó ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ìwé Filipínì sí Gẹ̀ẹ́sì, po ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, ọmọ inú ìwé á sì máa bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwòrán ń tẹrí ba, ọ̀rọ̀ ò tẹrí ba. Mo máa ń dá po padà sí i tí mo bá ń kà á sókè.

Orúkọ ẹbí náà ńkọ́? Kuya ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ate ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ti ń bá wọn ṣòwò láti ayébáyé ni wọ́n ti yá méjèèjì. Lolo ni bàbá àgbà, lola ni ìyá àgbà, panganay ni àkọ́bí, bunso ni àbíkẹ́yìn. Àwọn ọmọ Filipínì kì í pe ẹ̀gbọ́n wọn lórúkọ gbà-á-ṣán. Bí mo bá kọ́ àwọn ọmọ wa ní kuya, ohun tí wọ́n ń bi mí lójú ẹsẹ̀ ni pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi sọ ẹni tó dàgbà jù nínú "brother" méjì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ẹ gbọ́ o. Ó ti ń fi èdè wé èdè.

Nípa àwòrán, ìmọ̀ràn mi le díẹ̀: ẹ wá ìwé tí ọmọ Filipínì fúnra rẹ̀ yà. Wọn ò ní ayàwòrán lọ́wọ̀ọ́n; láti ọdún 1991 ni àwọn tó ń yàwòrán fún ọmọdé ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Ang INK. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ mọ ohun tó ń wà nílẹ̀. Yóò ya bàtà sílípáàsì, tí wọ́n ń pè ní tsinelas, tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Yóò ya tabo, ike onídìímú tí wọ́n fi ń bu omi wẹ̀. Yóò ya walis tingting, ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá ewé àgbọn dì. Ọmọbìnrin kan nàka sí ìgbálẹ̀ yẹn ní kíláàsì mi, ó ní ti màmá àgbà òun nìyẹn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì wọn. Kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìtàn náà rárá. Ayàwòrán ló mọ̀ pé ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ níbi yìí. Àwọn ìwé kan fẹ́ràn bahay kubo púpọ̀, ilé oparun tí wọ́n fi ewé nipa bo òrùlé rẹ̀, tó dúró lórí òpó. Wọ́n sì fẹ́ràn bayanihan, níbi tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti ń gbé odidi ilé lé èjìká láti ibì kan dé ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lábúlé lóòótọ́, ọmọdé sì fẹ́ràn àwòrán yẹn bí nǹkan míì. Àwa tó mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Manila tòde òní, inú ilé sìmẹ́ńtì tàbí ilé páànù ló ń gbé, ní àárín èrò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìwé òyìnbó tó ya ahéré sí gbogbo Áfíríkà, ẹ má jẹ́ ká fi irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn. Mo máa ń ka ìwé bayanihan tẹ̀lé ìwé jeepney. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ jíìpù ogun sílẹ̀. Àwọn ará Filipínì gbà á, wọ́n sọ ọ́ di gígùn, wọ́n kun ún ní àwọ̀ mèremère, ó di ọkọ̀ èrò. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn á na owó rẹ̀ síwájú, á ní "Bayad po," owó náà á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Àwọn ọmọ mi máa ń tò sórí ẹní ní ìlà méjì, wọ́n á máa na bọ́tìnì sí ara wọn: "Bayad po. Bayad po." Bayanihan tó wà nínú ìyẹn kò kéré sí ti gbígbé ilé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè. Òun ni wọ́n ń lò nígbà tí aládùúgbò bá dìde ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjì líle, bí irú èyí tó jà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, tó pa èèyàn tó ju 6,000 lọ.

Ní ti oúnjẹ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá ìwé tó ní sinigang, ọbẹ̀ tí wọ́n fi àjàgbọn sọ di kíkan, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tọ́ àjàgbọn lá. Ojú tó máa fún pọ̀ yẹn yóò kọ́ ọ ju ojú ewé mẹ́wàá lọ.

Èdè ni ọ̀rọ̀ wà. Erékùṣù 7,641 ni Filipínì, èdè ibẹ̀ sì ju 170 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Filipino, Tagalog ni wọ́n gbé e kà, ṣùgbọ́n ọmọ Cebu ń sọ Cebuano nílé, ọmọ Ilocos ń sọ Ilocano. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sípéènì, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Thomas kó nǹkan bíi 500 olùkọ́ dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1901, Gẹ̀ẹ́sì sì gba ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí igi máńgòrò wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ wá ń kọ́ "A fún apple". Ẹ̀yin náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àbí? Èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n ni pé wọ́n kọ ìwé jáde kúrò nínú rẹ̀. Virgilio Almario, akéwì tí ìjọba padà fi oyè Oníṣẹ́-ọnà Orílẹ̀-èdè nípa lítíréṣọ̀ dá lọ́lá ní ọdún 2003, dá ilé ìtẹ̀wé Adarna House sílẹ̀ ní 1980. Adarna jẹ́ ẹyẹ inú ìtàn àtijọ́ wọn, tí orin rẹ̀ ń wo ọba sàn. Nínú púpọ̀ lára ìwé wọn, Filipino àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà lójú ewé kan náà. Irú èyí ni mo ní kí ẹ rà. Òbí tó jẹ́ ọmọ Filipínì lè ka èdè tirẹ̀, ẹ̀yin á ka Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á sì gbọ́ pé ohun kan náà lè ní ohùn méjì. Ní ọdún 2013, òfin wọn sọ pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kẹta, wọ́n sì mú èdè 19 lò. Òfin mìíràn fòpin sí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Nígbà tí mo gbọ́, Ilé-Ifẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A mọ ohun tó ń sọnù níbẹ̀. Ìwé alàwòrán kò lè rọ́pò òfin, ṣùgbọ́n ó lè gbé èdè wọ yàrá ọmọ lálẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé gbogbo wọn kọ́ ni Tagalog, gbogbo wọn kọ́ sì ni onígbàgbọ́. Àwọn Mùsùlùmí Maranao wà ní erékùṣù Mindanao níhà gúúsù. Àwọn T'boli wà létí Adágún Sebu, tí ń hun aṣọ t'nalak láti inú okùn abaka, igi tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lórí òkè níhà àríwá, àwọn Ifugao ń kọ hudhud, orin ìtàn tí àwọn obìnrin àgbà máa ń léwájú rẹ̀ nígbà ìkórè ìrẹsì àti níbi òkú. Ní ọdún 2001 tí UNESCO kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìní àdáyébá tí a ń fi ẹnu pa mọ́, hudhud wà nínú mọ́kàndínlógún tí wọ́n mú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa náà sì wà níbẹ̀.

Ìwé kan wà tí mo máa ń kà pẹ̀lú ìṣọ́ra, irú èyí tí ìyá tàbí bàbá ti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Láti ìgbà tí òfin iṣẹ́ ọdún 1974 ti fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀ ni ìjọba Filipínì ti ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí òkèèrè. Ohun tí ọmọ tó kù nílé ń rí gbà ni balikbayan box. Balik ni padà, bayan ni ìlú. Páálí ńlá ni, ọṣẹ, ẹran inú agolo, ṣokoléètì àti bàtà ló ń kún inú rẹ̀, ó sì lè lo oṣù bíi méjì lójú omi. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé páálí yẹn, ọmọkùnrin Yorùbá kan dìde dúró. Ó ní, "Dúrọ́ọ̀mù ni! Dádì mi ní búlúù." Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó ẹrù sí lọ sí Èkó ló ń sọ. Ọmọ Filipínì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní tàwọn, páálí ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ń wọ inú rẹ̀ fún ara wọn, n kò sì ka ìwé náà parí lọ́jọ́ yẹn.

Ti àwọn ẹ̀mí àìrí náà ńkọ́? Ọmọ Filipínì tó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ilẹ̀ inú igbó á ní "tabi-tabi po," ìyẹn ni pé ẹ yà fún mi díẹ̀, torí kó má baà tẹ duwende mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà wa ò jẹ́ kí a fi òkìtì ọ̀gán ṣeré náà. Ọ̀sán ni mo máa ń ka irú rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí oorun bá kù díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé po wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó kà á, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kó kọ́kọ́ kà á sí yín létí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní "mga," tó ń fi hàn pé nǹkan ju ẹyọ kan lọ, "manga" ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń jẹ́ "ng" sì ń di "nang". Ìyá àgbà ọmọ kan ló jókòó tì mí tó tún un ṣe fún mi, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti kà á fún gbogbo kíláàsì. Mo ti to ìwé mélòó kan sórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Ẹ ṣí wọn, ẹ gbé wọn lọ yá.

Ọ̀rọ̀ àlọ́ wa ló kù. Nínú àlọ́ tiwa, ojúkòkòrò ló sábà máa ń ti Ìjàpá dé ibi tó ń lọ, ìtìjú ló sì máa ń bá a padà, ẹ̀yìn rẹ̀ tó fọ́ ṣì ń jẹ́rìí. Ìjàpá ti Filipínì kò jalè. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, ó kéré, kò lè gun igi, ọgbọ́n nìkan ló ní, ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ náà sì ń rí ìlú wọn tí àwọn alágbára jẹ gàba lé lórí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ka ojú ewé tó kẹ́yìn, tí Ìjàpá ń rẹ́rìn-ín nínú omi, ọmọkùnrin Yorùbá kan mi orí. Ó ní kò tíì tán. Ó ní ìgbà wo ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa fọ́? Ọmọbìnrin Filipínì kan ní ó ti tán, pagong ti délé. Ọmọkùnrin náà gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ìwé bóyá ojú ewé kan ṣì kù. Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn, wọ́n jọ ń wò ó.